Ìtàn Ọmọ Ọ̀dọ̀ Alápatà Kan, àti Ìwé Tí Ìyá Ìbejì Mú Wá

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn àdúrà àṣálẹ́, obìnrin kan nínú ìjọ wa tí a ń pè ní Ìyá Ìbejì wá sí ilé mi pẹ̀lú ìwé kan ní ọwọ́ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ a máa bá ọkọ̀ akẹ́rù kan ṣiṣẹ́. Òun ni ó máa ń jókòó sí orí iṣu nígbà tí ọkọ̀ bá ń ti oko bọ̀ wá sí ọjà. Ní ọjọ́ burúkú náà wọ́n di ẹrù ju bí ó ti yẹ lọ, irin abẹ́ ọkọ̀ kán ní ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, ọkọ̀ ṣubú, itan ọkùnrin náà sì ṣẹ́. Ó ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní orí ibùsùn ilé ìwòsàn kí ìwé yìí tó dé. Ẹni tí ó ni ọkọ̀ ni ó fi í rán àwọn àgbà mẹ́ta, pẹ̀lú owó díẹ̀, àti iṣu, àti ẹ̀bẹ̀ púpọ̀. Wọ́n fẹ́ kí aláìsàn náà tẹ ìka sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Obìnrin náà wí pé, “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ohun tí ó wà nínú ìwé yìí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní kí a má ṣe gbà á, ó ní kóòtù ni a ó lọ. Ìyá ọkọ mi ní kí a gbà á, wọ́n ní a kì í ti kóòtù dé kí a ṣọ̀rẹ́. Èmi kò mọ ti ẹni tí n bá tẹ̀ lé nínú àwọn méjèèjì.”

Mo ka ìwé náà. Ìlà márùn-ún péré ni. Mẹ́ta àkọ́kọ́ kún fún àánú àti ìdárò. Ìlà kẹrin ni ó wí pé owó tí a gbà yìí ni àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn, àti pé ọkùnrin náà, àti aya rẹ̀, àti àwọn ọmọ rẹ̀, kò ní ohunkóhun láti bi olówó ọkọ̀ léèrè mọ́ títí láé. Owó náà kò sì tó èyí tí ilé ìwòsàn ń gbà fún oṣù kan.

Mo sọ fún un pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe tẹ ìka sí i ní alẹ́ ọjọ́ náà, kí wọ́n bẹ àwọn àgbà pé kí wọ́n fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí ó lọ tán, mo jókòó sí iwájú àtùpà mi, ọkàn mi sì lọ sí ìtàn ọmọkùnrin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí irú nǹkan yìí gan-an ṣẹlẹ̀ sí ní ohun tí ó lé ní 180 ọdún sẹ́yìn. Ìtàn náà kò wọ́pọ̀ nínú ìwé ìtàn tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, nítorí kò sí ọba tàbí ogun nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rò pé olùkọ́ tí ó bá mọ̀ ọ́n yóò ṣe àǹfààní fún àwọn òbí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ju ẹni tí ó mọ orúkọ gbogbo ìyàwó Ọba Henry lọ.

Ní agbègbè Lincolnshire, ní apá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, alápatà kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Fowler. Ó ní kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ẹṣin ń fà, èyí tí ó fi ń kó ẹran lọ sí ọjà, ó sì ní àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ tí ń bá a ṣiṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ni Priestley. Ní 1835, ọ̀gá rẹ̀ pàṣẹ fún un pé kí ó bá kẹ̀kẹ́ náà lọ; ọmọ ọ̀dọ̀ mìíràn ni ó ń darí ẹṣin. Ẹrù tí wọ́n kó sí i ti pọ̀ jù. Kẹ̀kẹ́ fọ́ ní ojú ọ̀nà, ó gbé Priestley ṣubú lulẹ̀, itan rẹ̀ sì ṣẹ́. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ kò rí i? Itan kan náà, ẹrù àpọ̀jù kan náà. Kìkì pé ẹran ni ti ọ̀hún, iṣu ni ti tiwa.

Priestley pe ọ̀gá rẹ̀ ní ẹjọ́. Ohun tí ó wí ni pé ó yẹ kí ọ̀gá tí ó rán ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ rí i dájú pé kẹ̀kẹ́ náà yè kooro, kí ẹrù rẹ̀ má sì ju agbára rẹ̀ lọ. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 1836, nígbà tí adájọ́ ọba dé Lincoln láti gbọ́ ẹjọ́, àwọn ọkùnrin méjìlá tí a búra fún, tí à ń pè ní jùrì, gbọ́ tẹnu rẹ̀, wọ́n sì dá a láre. Wọ́n ní kí Fowler san £100 fún un. Kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ má ṣe rò pé owó kékeré ni. Ní àkókò náà òṣìṣẹ́ oko ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gba nǹkan bí ṣílè 10 ní ọ̀sẹ̀ kan; nítorí náà £100 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó iṣẹ́ ọdún mẹ́rin.

Bí ìtàn náà bá parí síbẹ̀, kì bá tí sí ẹni tí yóò máa rántí rẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò Fowler gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí iwájú àwọn adájọ́ àgbà ní kóòtù tí à ń pè ní Exchequer ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò bá wọn jiyàn pé kẹ̀kẹ́ kò fọ́, tàbí pé itan kò ṣẹ́. Ohun tí ó wí ni pé, bí gbogbo rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ òtítọ́, òfin kò fún ọmọ ọ̀dọ̀ ní àṣẹ láti gba owó lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ nítorí irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Olórí adájọ́ ní ibẹ̀ ni Lord Abinger. Ó jẹ́wọ́ pé kò sí irú ẹjọ́ yìí rí tí òun lè fi ṣe àpẹẹrẹ. Nígbà náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ohun tí ó lè ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ó ní bí ọ̀gá bá jẹ gbèsè nítorí kẹ̀kẹ́ tí ó fọ́, a jẹ́ pé ìránṣẹ́ tí ń dúró ní ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ọlọ́lá yóò lè pe ọ̀gá rẹ̀ ní ẹjọ́ nítorí àbùkù tí ẹni tí ó kan kẹ̀kẹ́ náà fi sílẹ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ yóò pe ọ̀gá ní ẹjọ́ nítorí pé ìránṣẹ́bìnrin tẹ́ ibùsùn tútù fún un, tàbí nítorí pé ibùsùn wó, tàbí nítorí pé alásè kò fọ ìkòkò bàbà dáadáa, tàbí nítorí pé ẹran tí alápatà tà kò dára. Ó ní èyí kò bọ́gbọ́n mu. Ó tún fi kún un pé ọmọ ọ̀dọ̀ kò sí lábẹ́ àjàgà; bí ó bá rí i pé iṣẹ́ léwu, ó lè kọ̀ ọ́. Ó sì ṣeé ṣe kí òun fúnra rẹ̀ ti mọ̀ ju ọ̀gá rẹ̀ lọ pé ẹrù kẹ̀kẹ́ ti pọ̀ jù. Ní 1837 wọ́n yí ìdájọ́ Lincoln padà. £100 náà di àlá.

Kí a má ṣe parọ́ mọ́ òkú: Lord Abinger kì í ṣe òmùgọ̀. Ẹni tí ó bá jẹ́ adájọ́ ní láti wo iwájú. Ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tí mo bá ka ọ̀rọ̀ ibùsùn tútù yìí, inú mi kì í dùn. Ọmọ tí ń jẹun ní ilé ọ̀gá rẹ̀, tí a wí fún pé kí ó gun kẹ̀kẹ́, ta ni yóò sọ fún un pé ó lè kọ̀? Ẹ lọ bi àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ní ibùdókọ̀ wa.

Ohun méjì ni ó yẹ kí a kíyè sí nínú ẹjọ́ yìí. Èkíní ni pé láàárín ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 1836 àti ìdájọ́ 1837, Priestley mú ìwé ìdájọ́ £100 lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò mú owó lọ́wọ́. Ìdájọ́ tí ẹni kejì lè bá wa fà á kì í tíì ṣe owó. Ìrètí ni, ìrètí sì ní iye tirẹ̀. Àwọn tí wọ́n mọ ọ̀nà kóòtù a máa fi irú àkókò bẹ́ẹ̀ jókòó pọ̀: ẹni tí ó jàre gba ìdajì tàbí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹni tí ó jẹ̀bi sì bọ́ nínú ewu gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ní òfin Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó bá jẹ̀bi kì í san owó agbẹjọ́rò tirẹ̀ nìkan. A máa ń mú kí ó san nínú ti ẹni tí ó jàre pẹ̀lú. Nítorí náà òtòṣì tí ó lọ sí ilé ẹjọ́ tí kò sì jàre lè ti ibẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú gbèsè ní àfikún ẹsẹ̀ tí ó ṣẹ́.

Èkejì jinlẹ̀ ju èyí lọ. Bí Priestley bá ti bá ọ̀gá rẹ̀ parí ọ̀rọ̀, àwọn méjèèjì nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ìbá kàn. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó dé iwájú adájọ́ àgbà, ó di òfin lórí ọrùn àwọn ẹlòmíràn. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ọkùnrin kan tí ń wa ẹ̀rọ reluwé, Farwell ni orúkọ rẹ̀, pàdánù ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ní 1837 nítorí pé òṣìṣẹ́ mìíràn kò yí irin ojú ọ̀nà sí ibi tí ó yẹ. Dọ́là 2 ni owó iṣẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ kan. Dọ́là 10,000 ni ó bèèrè. Ní 1842, Lemuel Shaw, olórí adájọ́ ibẹ̀, wo ẹjọ́ alápatà nì, ó sì dá ẹjọ́ pé Farwell kò ní gba nǹkan kan, nítorí pé ẹni tí ó gba iṣẹ́ eléwu ti gba owó ewu náà mọ́ owó iṣẹ́ rẹ̀. Ní 1850, àwọn adájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ìdí kan náà múlẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ reluwé tiwọn. Bí àìṣọ́ra òṣìṣẹ́ kan bá pa òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lára, ọ̀gá wọn kò jẹ nǹkan kan. Àwọn aṣòfin fi òfin 1880 gé díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, òfin 1897 fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ní owó gbà-má-bínú láìbèèrè ẹni tí ó jẹ̀bi, ṣùgbọ́n 1948 ni a tó fa gbòǹgbò rẹ̀ tu. Kẹ̀kẹ́ ẹran kan fọ́ ní 1835, ariwo rẹ̀ kò tán ní ilé ẹjọ́ títí di 1948.

Èyí tí mo ti ń sọ jẹ́ ti ẹni tí ó farapa tí ó sì yè. Bí ènìyàn bá kú ńkọ́? Níbi yìí ni òfin àtijọ́ Gẹ̀ẹ́sì ya ènìyàn lẹ́nu jù lọ. Ọkùnrin kan tí ń ta ọtí àti aya rẹ̀ jókòó sí orí kẹ̀kẹ́ akérò tí ó ń ti Portsmouth lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Kẹ̀kẹ́ dojú dé. Ọkọ farapa, aya sì kú ní ilé ìwòsàn ní nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn náà. Ọkọ pe àwọn tí ó ni kẹ̀kẹ́ ní ẹjọ́ ní 1808. Lord Ellenborough sọ fún jùrì pé kí wọ́n san owó fún ọgbẹ́ ara ọkọ, àti fún àìní ìrànlọ́wọ́ aya rẹ̀ láti ọjọ́ tí ó ti farapa títí di ìṣẹ́jú tí ó kú. Lẹ́yìn èyí, kò sí nǹkan kan. Nínú ẹjọ́ láàárín ènìyàn àti ènìyàn, ikú kì í ṣe ohun tí a lè bèèrè owó lé lórí. Ẹ jẹ́ kí a wí i bí ó ti rí: ó rọrùn fún oníkẹ̀kẹ́ akérò ìgbà náà kí ó pa ènìyàn pátápátá ju kí ó ṣẹ́ ẹ ní ẹsẹ̀ lọ.

Òótọ́ ni pé àṣà àtijọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní deodand. Ohunkóhun tí ó bá pa ènìyàn, ìbáà ṣe màlúù, ìbáà ṣe àgbá, ìbáà ṣe kẹ̀kẹ́, a ó díye lé e, a ó sì gba iye náà fún ọba, kí a lè fi ṣe iṣẹ́ àánú. Ẹni tí ó bá ka ìwé Ẹ́kísódù orí 21 yóò rántí màlúù tí ó kan ènìyàn pa. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà: níbẹ̀ Mósè ya màlúù tí kò tíì kan ẹnikẹ́ni rí sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí a ti kìlọ̀ fún olówó rẹ̀. Olówó èyí èkejì jẹ̀bi ikú, àyàfi bí a bá bu ìràpadà lé e, tí ó sì san án. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìràpadà náà kì í dé ọ̀dọ̀ opó.

Reluwé ni ó mú kí àṣà yìí di ìjà. Ní ọjọ́ 24 oṣù December 1841, ọkọ̀ reluwé kan kọlu erùpẹ̀ tí ó ya lulẹ̀ ní Sonning, ní ẹ̀bá Reading. Àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ tí kò ní òrùlé, àwọn òtòṣì tí ń lọ sí ilé fún Kérésìmesì, ni ó kú jù. Jùrì tí ó wádìí ikú wọn bu £1,000 lé ẹ̀rọ àti ọkọ̀ náà. Àwọn olówó reluwé kò gbà, wọ́n sì bá a jà títí wọ́n fi bọ́ nínú rẹ̀. Ní 1846 ni àwọn aṣòfin ṣe ohun méjì nínú ọdún kan: wọ́n pa deodand rẹ́, wọ́n sì ṣe òfin tí Lord Campbell gbé wá, pé bí ẹnìkan bá kú nípa àìṣọ́ra ẹlòmíràn, aya rẹ̀, tàbí ọkọ, tàbí òbí, tàbí ọmọ lè bèèrè owó fún àdánù tí ikú náà mú bá wọn, bí wọ́n bá tètè pe ẹjọ́ kí oṣù 12 tó pé. Láti ìgbà náà ni àwọn ilé iṣẹ́ reluwé ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé opó kí opó tó wá ilé ẹjọ́. Ẹni tí kò lè pè ọ́ ní ẹjọ́, ìwọ kì í bá a parí ọ̀rọ̀. Ṣe ni ìwọ ń fún un ní ọrẹ.

Báwo ni èyí ṣe kan ilẹ̀ Yorùbá? Ní 1861 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó. Ní 1863 wọ́n fi òfin kan mú gbogbo òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ Èkó ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ní 1876 a dá kóòtù gíga sílẹ̀ ní Èkó. Ní 1879 ni Christopher Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a bí ní Sierra Leone, di lọ́yà ní Lọ́ńdọ̀nù, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn ènìyàn wa. Bẹ́ẹ̀ ni ẹjọ́ ọmọ ọ̀dọ̀ alápatà ṣe wọ inú ọkọ̀ òkun wá bá wa, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi wá bóyá a fẹ́ ẹ. Ní 1906, nígbà tí mọ́tò ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàárín Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́, òfin tí yóò dá ẹjọ́ rẹ̀ ti dé ṣáájú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni lọ́rì onípákó dé, èyí tí àwọn ènìyàn fi àwàdà sọ ní bọ́lẹ̀kájà. Orúkọ náà dùn mọ́ mi púpọ̀, nítorí ó fi hàn pé kí òfin tó sọ̀rọ̀, èrò àti ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ti ń fi ọwọ́ ara wọn yanjú ẹjọ́ ní ẹ̀bá ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n bí ìpalára bá ti ju èyí tí ìkúùkù lè yanjú lọ, ọ̀nà tiwa ni ẹ̀bẹ̀. Ìdílé ẹni tí ó ṣe ohun búburú yóò rán àwọn àgbà lọ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Wọn yóò dọ̀bálẹ̀, wọn kò sì ní dìde títí a ó fi ní kí wọ́n dìde. Wọn kì í fi owó ṣáájú. Ọ̀rọ̀ ni ó ń ṣáájú. Bí ẹni tí a ṣẹ̀ bá gbà, kì í ṣe pé ó ti ta ẹsẹ̀ rẹ̀ ní iye kan. Bí ọgbẹ́ náà bá tún dìde ní ọdún tí ń bọ̀, àwọn àgbà kan náà wà níbẹ̀, a ó tún rán sí wọn, ojú yóò sì ti ẹni tí ó bá wí pé òun ti san tán. Mo fẹ́ kí olùkọ́ tí ó bá ń ka èyí dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí mo rò pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa ti ń ṣìnà. Ẹ̀bẹ̀ àwọn baba wa jẹ́ ilẹ̀kùn tí a fi sílẹ̀ ní ṣíṣí. Ìwé ìparí ọ̀rọ̀ tí àwọn lọ́yà ń kọ jẹ́ ilẹ̀kùn tí a tì, tí a sì sọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sínú odò. Nígbà tí àwọn àgbà mẹ́ta nì dọ̀bálẹ̀ ní iwájú Ìyá Ìbejì, ẹ̀bẹ̀ àtijọ́ ni ó gbọ́. Ìwé tí ó wà nínú àpò wọn kì í ṣe ti àtijọ́ rárá.

Òfin náà kò sì dúró sí ojú kan ní ilẹ̀ wa. Ní 1941 ìjọba ṣe òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tí ó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́. Ní 1958 Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ṣe òfin tirẹ̀ lórí irú ìpalára bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni òfin 2010 dé, tí ó mú kí àwọn agbanisíṣẹ́ máa dá owó sí àpò kan tí ìjọba ń bójú tó, kí òṣìṣẹ́ tí ó farapa lè gba owó níbẹ̀ láìfi ẹ̀rí hàn pé ẹnìkan jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ó ní láti bèèrè kí ọdún kan tó pé.

Ọ̀ràn kan wà tí ó dùn mọ́ mi láti sọ. Òfin Lord Campbell sọ̀rọ̀ nípa “aya”, ẹyọ kan. Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ ọ́ kò ronú nípa agbo ilé Yorùbá. Ní 1961, nínú ẹjọ́ Lawal àti Younan, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Ìjọba Àpapọ̀ dá a pé àwọn aya tí a fẹ́ ní ìlànà ìbílẹ̀, àti àwọn ọmọ wọn, wà lára àwọn tí òfin náà fún ní ẹ̀tọ́. Èmi jẹ́ oníwàásù tí ń kọ́ni ní ìgbéyàwó aláya kan, ṣùgbọ́n n kò rí ìdí tí ọmọ ìyàwó kejì yóò fi sùn ní ebi nítorí pé mọ́tò ni ó pa baba rẹ̀. Ẹjọ́ bí irú èyí ni ó ń jẹ́ kí n má lè gba gbogbo ẹnu wí pé ìparí ọ̀rọ̀ nílé ni ó dára jù. Bí àwọn wọ̀nyí bá ti gba owó díẹ̀ tí wọ́n sì lọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún opó tí ó wà lẹ́yìn wọn kì bá tí rí ìdájọ́ kankan tọ́ka sí.

Ohun mìíràn tí ó yí ọ̀rọ̀ padà ni ìnṣọ́ránsì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 1930 ni ó sọ ọ́ di dandan fún onímọ́tò láti ní in nítorí ẹlòmíràn tí ó lè pa lára. Tiwa ni a ṣe ní 1945, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1950. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó dọ̀bálẹ̀ ní iwájú rẹ lè má jẹ́ ẹni tí yóò san owó. Ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ni yóò san án, ilé iṣẹ́ náà sì ti san irú rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ó mọ iye tí itan ń tó ní kóòtù. Ìwọ kò mọ̀ ọ́n. Òun lè dúró fún ọdún mẹ́ta. Ìwọ ní owó ilé ìwòsàn láti san ní ọjọ́ Ẹtì. Nínú ìparí ọ̀rọ̀ láàárín irú ẹni méjì bẹ́ẹ̀, ẹni tí ebi kò pa ni ó ń dá iye.

Síbẹ̀ kí a má ṣe yin kóòtù ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹlẹ́rìí ń kú, òmíràn ń ṣí lọ. Awakọ̀ tí ó jẹ́wọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ yóò ti gbàgbé ohun gbogbo ní ọdún kẹta. Adájọ́ lè wí, bí Abinger ti wí, pé ìwọ fúnra rẹ mọ̀ pé ẹrù ti pọ̀ jù. Àwọn tí ó gbọ́n láàárín àwọn adájọ́ wa mọ èyí; ìdí nìyí tí a fi dá ilé ẹjọ́ onílẹ̀kùn púpọ̀ sílẹ̀ ní Èkó ní 2002, níbi tí onílàjà tí a kọ́ ní iṣẹ́ náà yóò ti bá ẹni méjì sọ̀rọ̀, tí àdéhùn wọn yóò sì ní agbára bí ìdájọ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé owó tí a gbà lè pa ẹjọ́ ìjọba rẹ́. Bí awakọ̀ bá fi ìwàkuwà pa ènìyàn, ìyẹn wà láàárín òun àti ìjọba, ìdílé òkú kò ní àṣẹ láti tà á.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà pé, èmi àti ẹ̀gbọ́n ọkọ Ìyá Ìbejì àti ìyá wọn tọ àwọn àgbà mẹ́ta náà lọ, gbogbo wa sì lọ sí ilé olówó ọkọ̀. Mo bi í bóyá ó ń dá owó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí àpò ìjọba. Kò dá a rí. Mo bi í bóyá ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ náà ṣì wà. Ó wo ilẹ̀. Ìyá náà, tí ó ti ń wí pé kí a gbà láti ọjọ́ yìí wá, sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó wí pé, “Ọmọ mi, èmi ni mo ní kí wọ́n má gbé ọ lọ sí kóòtù. Má ṣe jẹ́ kí ojú tì mí.”

A fa ìlà kẹrin yọ. A kọ ọ́ pé olówó ọkọ̀ yóò san gbogbo owó ilé ìwòsàn bí wọ́n bá ti ń bèèrè rẹ̀, yóò sì san owó iṣẹ́ ọkùnrin náà ní oṣooṣù títí oníṣègùn yóò fi kọ̀wé pé ó lè ṣiṣẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé kò ní lè ṣe irú iṣẹ́ náà mọ́, a ó tún jókòó. Ọjọ́ tí ìjàǹbá náà ṣẹlẹ̀ wà ní orí ìwé, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í kà. Àwọn àgbà mẹ́ta fi ọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, èmi náà sì fi ọwọ́ sí i.

Ó san án fún oṣù mẹ́rin. Ní oṣù karùn-ún kò san, ní oṣù kẹfà kò san. Ẹ̀gbọ́n mú ìwé náà tọ lọ́yà lọ, ìwé ìpè kóòtù sì dé ilé olówó ọkọ̀ ní ọjọ́ Ajé. Ní Ọjọ́bọ̀ owó oṣù méjèèjì ti dé, pẹ̀lú owó oṣù tí ń bọ̀. Ọkọ Ìyá Ìbejì ń fi ọ̀pá rìn nísinsin yìí. Ní ọjọ́ Àjíǹde tí ó kọjá ó wá sí ilé ìsìn fún ìgbà àkọ́kọ́, olówó ọkọ̀ sì wà ní ìjókòó kejì sí tirẹ̀. Wọn kò kí ara wọn. Ìyá wọn ni ó dìde, tí ó lọ jókòó sí àárín.